Ẹni Tó Lè Pe Orúkọ Ìyá Bẹẹrẹ

Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni. Ó wà lábẹ́ àgbọ̀n ìyá arúgbó náà, níbi tí awọ ti rọ̀ bí ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ti tú. Ọwọ́ ọ̀tún di ṣíbí mú. Ẹ̀kọ inú ṣíbí kò kún. Ìdajì ni, torí tó bá kún, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ti kú ni yóò gbà ṣàn jáde. Ṣíbí wọlé. Ó dúró díẹ̀ lórí ahọ́n. Ó jáde. Ìgbà náà ni àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó rọra wọ́ láti abẹ́ àgbọ̀n wá sí ìsàlẹ̀ ọrùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń fọwọ́ la ojú ọ̀nà fún omi. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Gògóńgò gbéra. Ó lọ sókè, ó padà sílẹ̀.

Ó gbé e mì.

Ó ku ṣíbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ọgbọ̀n ṣíbí ló wà nínú abọ́ kan. Abọ́ mẹ́ta lójúmọ́. Ọdún mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ṣe ìṣirò rẹ̀ rí.

Kò sí nọ́ọ̀sì tó kọ́ Karimat ní àrà yìí. Ní ọsibítù, wọ́n ní kó máa fún ìyá lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Díẹ̀díẹ̀ báwo? Wọn ò sọ. Ọjọ́ kẹta tí ẹ̀kọ ń ṣàn sí aṣọ ni Karimat rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fún ewúrẹ́ lóògùn: á da oògùn sí i lẹ́nu, á fọwọ́ wọ́ ọ̀fun rẹ̀, ewúrẹ́ á gbé e mì, tó fẹ́ tí kò fẹ́. Gbogbo ohun tó ní láti fi tọ́jú ènìyàn nìyẹn. Ọgbọ́n ewúrẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Karimat. Ìyàwó Misbaudeen ni, nínú agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Tírélà ni Misbaudeen ń wà lọ sí Kánò. Tó bá sùn nílé lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, ó pọ̀. Ìyá Misbaudeen ni ìyá tó wà lórí ẹní yìí. Ogójì ọdún ló fi ta òwú ní Bẹẹrẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ìyá Bẹẹrẹ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá, búta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà tẹ̀lé búta. Àrùn rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣẹ́kù: "Ó tó." Tí ebi bá ń pa á, ó tó. Tí omi bá gbóná jù, ó tó. Tí ọmọ rẹ̀ bá dé láti Kánò, ó tó.

Nígbà tó ṣubú, ẹbí ṣe ìpàdé. Wákàtí méjì. Wọ́n jẹ ẹran. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé Karimat wà nílé. Ta ló ní ó wà nílé? Ìdí maṣíìnì ló wà. Súwẹ́tà ló ń hun, súwẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé, aláwọ̀ ewé fún tibí, aláwọ̀ aró fún tọ̀hún, láti Mápó dé Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ilé ni maṣíìnì wà, wọ́n ní ó wà nílé.

Maṣíìnì náà ṣì wà ní igun yàrá. Karimat fi ìró bò ó. Pámpásì ló tò sórí rẹ̀ báyìí. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá iléèwé kan á ránṣẹ́ sí i: ṣé ó ti lè padà? Tó bá rí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ wà. Ọjọ́ méjì. Ohun tí Karimat ń wá láyé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kí ìyá kú, bí àwọn aláhesọ ṣe rò. Ọjọ́ méjì tí ẹlòmíràn á fi di ṣíbí mú.

Àdúrà ni àwọn ènìyàn fi ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n á dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á yọjú, wọ́n á fi ìbòrí bo imú. "Ìyàwó, o kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. Àlùjáńnà ti di tìrẹ." Wọ́n á lọ. Lèmọ́mù sọ bẹ́ẹ̀. Káńsílọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú èrò, ó fi gbohùngbohùn sọ ọ́. Karimat ń ṣe àmín. Lọ́dún àkọ́kọ́, àmín rẹ̀ gùn. Nígbà tó di ọdún kẹfà, ó ti kúrú bí ìṣó. Àdúrà kì í yí ènìyàn lórí ẹní. Ọwọ́ ló ń yí i. Ọwọ́ méjì, ẹ̀yìn kan, ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má baà jẹ ẹ́ ní ìbàdí.

Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìjọba ti rántí àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé láìgba kọ́bọ̀. Olùrànlọ́wọ́ kan á máa wá bá wọn lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, Àtàláátà àti Àlàmísì, kí wọ́n lè sinmi, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n á wá kọ orúkọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Karimat gbé rédíò sétí, bóyá wọ́n á tún un sọ. Wọ́n ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.

Ọkùnrin tó wá kọ orúkọ ń jẹ́ Adéníyì. Kò gbé ìwé, kò mú bírò. Fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló dì mọ́ àyà. Ó bá obìnrin mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: Karimat, àti ìyàwó ilé méjì mìíràn tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin màmá. Ètò àwọn àgbàlagbà la bá wá. Ta ni àgbà tẹ́ ẹ ń tọ́jú?"

"Ìyá Bẹẹrẹ ni," Karimat dáhùn.

Adéníyì tẹ̀ ẹ́. Ó pa á rẹ́. "Wọn ò sọ wọ́n ní Ìyá Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mà. Orúkọ gidi ńkọ́?"

Karimat wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọmọ kan á wọlé.

Ó mọ orúkọ náà. Ogún ọdún ló ti wà létí rẹ̀. Kò tíì gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti ìyá ọkọ. Orúkọ mìíràn ló ń fún wọn. Afeez, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Onítáì ló ń pè é, torí pé òun nìkan ló so táì lọ́jọ́ yìgì. Irú ìgbà báyìí, ọmọ ilé làwọn ìyàwó máa ń pè kó bá wọn sọ ọ́. Àwọn ọmọ sì wà ní iléèwé.

Adéníyì yíjú sí àwọn méjì tó ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Ìyàwó ni àwa náà."

"Gbogbo yín?"

"Bọ̀dá, ọ̀sán ti pọ́n. Ta lẹ rò pé ẹ máa bá nílé? Ẹ lọ bá wa wá ọkọ kan wá lọ́jà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ mú fóònù yẹn wá," Karimat ní, "kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

"Wọn ò gbà kí n gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mà. Ti ìjọba ni."

Ibẹ̀ ni Afeez bá wọn. Ìdí Arẹrẹ ni òun ń gbé, kò jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń yọjú, lásìkò oúnjẹ.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Onítáì, ẹ káàbọ̀. Orúkọ ìyá ni wọ́n ń bèèrè."

"Ìyẹn lẹ fi ń wo ara yín lójú?" Ó rẹ́rìn-ín. "Sẹ̀gilọlá. Sẹ̀gilọlá Sàlámì. Nọ́ńbà NIN wọn wà lórí fóònù mi níbí."

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Inú Karimat dùn débi pé ó dìde lọ gbé omi tútù wá fún un. Kó tó padà dé, Adéníyì ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Karimat kúnlẹ̀ gbé omi fún Afeez.

"Ẹ ṣé o, Onítáì. Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi."

"Ìyàwó mi, ṣé ìyá mi kọ́ ni?"

Ó kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó tún bu oúnjẹ fún un.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bertha lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kúdẹtì. Awọ ìka ọwọ́ rẹ̀ ń bó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ibí ni Mama Sẹ̀gilọlá wà?"

Karimat sáré dìde. "Ibí ni. Ṣé ìjọba ló rán yín?"

"Ìjọba ti rán mi tipẹ́, mà." Bertha kò jókòó. "Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ilé Bọ̀dá Afeez ní Ìdí Arẹrẹ ni wọ́n kọ fún mi. Àwọn ni olùtọ́jú mama nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní mama dà? Wọ́n ní mama lọ kí ẹbí, pé wọ́n ń bọ̀. Pé kí n máa bá ìyàwó àwọn fọ aṣọ ná."

"Fọ aṣọ."

"Mo fọ aṣọ. Mo fọ kọ́tìnnì. Mo tún un fọ̀. Lálàmísì tó kọjá ni alájọgbé wọn kan fà mí sẹ́yìn, ó ní, 'Àǹtí, ìyá tí ẹ ń retí yẹn kì í rìn mà. Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n wà.' Mo ní háà! Ẹni tí kò lè dìde jókòó ló wá lọ kí ẹbí?"

"Kọ́tìnnì," Karimat wí.

Kò pariwo. Ó ń fi ìka ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ méjì-méjì. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ ti bá omi ọṣẹ lọ, lára kọ́tìnnì Onítáì.

Ó wá yé e bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tó lọ gbé omi tútù, Adéníyì bèèrè olùtọ́jú, Afeez ní òun ni. Kí ló dé tí Adéníyì kò fi ní gbà á gbọ́? Òun kọ́ ló dá orúkọ mọ̀? Wọ́n rán ọkùnrin náà jáde pé kó bèèrè orúkọ. Wọn ò ní kó bèèrè ẹni tó ń yí ìyá lórí ẹní. Kò sẹ́ni tó jókòó ní ọ́fíìsì tó rò ó pé, nínú agbo ilé bíi tiwọn, ẹni tó ń nu ìdí ìyá gan-an ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ ìyá. Yorùbá sì ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló níyàwó nílé.

Ó pe Misbaudeen. Ẹ̀rọ tírélà ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Mujee. Jẹ́ kí n dé."

"Ìgbà wo lẹ máa dé, Bàbá Mujeebat?"

"Tí wọ́n bá já ẹrù. Má gbé ọ̀rọ̀ ẹbí lọ sí ọ́fíìsì o."

"Ọ̀rọ̀ ẹbí." Karimat wo egbò kékeré tó ti ń lajú ní ìbàdí ìyá. "Ẹbí dà?"

Ó pa fóònù.

Bertha gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ máa lọ sí Agodi, mà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún náà nìyí. Ẹ kàn fi bí mama ṣe ń jẹun hàn mí."

Karimat mú àtàǹpàkò Bertha, ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n ìyá.

Ó wọ takisí máíkírà. Àjà kejì ilé kan ní Agodi ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà. Fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn. Wọ́n lẹ fọ́tò ńlá kan mọ́ ògiri: obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ìyá arúgbó kan mú. Aṣọ funfun ni obìnrin náà wọ̀. Funfun! Karimat wò ó títí ó fi kàn án lórí ìlà. Ẹni tó ń fi ẹ̀kọ bọ́ àgbà kì í wọ funfun.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn tábìlì, Ìyáàfin Olúsànyà, ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ó mi orí.

"Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí! Ó dáa. A máa yí i padà. Ẹ jẹ́ ká kọ fọ́ọ̀mù. Orúkọ yín? Ọjọ́ orí? Iṣẹ́?"

"Mò ń tọ́jú ìyá ọkọ mi."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Iṣẹ́ ni mo ní."

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn."

Ìyáàfin Olúsànyà yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. "Ẹ wò ó. Òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọlọ́jà. Oníṣẹ́ ọwọ́. Àgbẹ̀. Kò níṣẹ́. Ẹyọ kan lẹ máa mú."

Karimat wò ó. Ètò tí wọ́n torí àwọn tó ń tọ́jú àgbà dá sílẹ̀. Owó rẹ̀ jáde, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Ìtọ́jú àgbà kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀.

"Ta ló kọ fọ́ọ̀mù yìí, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, ìyàwó."

"Ṣé ó ní ìyá?"

"Ta?"

"Ẹni tó kọ ọ́. Ṣé ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ rí? Ta ló ń yí i? Ṣé ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń yí i?"

Ìyáàfin Olúsànyà tẹ *Kò níṣẹ́*. Ẹ̀rọ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n kọjá láìtẹ nǹkan.

Aago mẹ́rin ìdájí ni ẹni tí kò níṣẹ́ yìí ń jí. Ó ń gbé ènìyàn tó wúwo ju òun alára lọ. Ó ń fọ ohun tí àwọn ọmọ tí ìyá bí kò lè wò. Tó bá dá iṣẹ́ náà dúró fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ènìyàn á kú, ọlọ́pàá á sì wá bèèrè ibi tó wà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

"Ó ku fídíò," Ìyáàfin Olúsànyà ní. "Àwọn kan ń fi òkú gba ètò yìí, ìdí nìyẹn. Ẹ máa wo ojú kámẹ́rà, ẹ máa ní: èmi báyìí ni mò ń tọ́jú báyìí. Orúkọ wọn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́."

Karimat bèèrè bírò. Ó kọ orúkọ náà sórí ègé ìwé kan, ó tì í síwájú akọ̀wé.

"Ẹ kà á sókè."

"Ìyá ọkọ mi ni, mà."

"Mo mọ̀. Ìyàwó ilé lèmi náà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì; mi ò pe ti ìyá ọkọ tèmi títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ò ní àna, ìyàwó. Tí kò bá gbọ́ orúkọ, kò ní gbà."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa wọn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n lè sùn lé pẹ́. Oògùn funfun ṣáájú oúnjẹ, pupa lẹ́yìn rẹ̀. Tí òjò bá ń lu páànù, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, èèyàn gbọ́dọ̀ di ọwọ́ wọn mú. Ẹ pe Onítáì, ẹ bi í ní ẹyọ kan níbẹ̀."

"Kò sí àyè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù."

Iná kámẹ́rà tàn. Orúkọ náà há sí Karimat lọ́fun bí ẹ̀kọ tó ki jù. Ìyá tó bí i ló kìlọ̀ fún un ní alẹ́ tó ń lọ sílé ọkọ: ìyàwó tó bá pe orúkọ ìyá ọkọ ti tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò. Ogún ọdún ló fi pa á mọ́. Ó rántí kọ́tìnnì. Ó rántí pé òun kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sí ọrùn ara rẹ̀, kò mọ̀.

"Èmi Karimat Sàlámì ni mò ń tọ́jú Sẹ̀gilọlá Sàlámì."

Kò rọra sọ ọ́. Àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́. Ìyáàfin Olúsànyà fọwọ́ bo ẹnu, àfi bí ẹni pé òun ló pè é.

Nígbà tó délé, Bertha ní ìyá jẹ ṣíbí mẹ́rìnlélógún. Karimat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo pe orúkọ yín lónìí, lójú ìjọba."

"Ó tó," ìyá wí, bó ṣe ń wí nípa ohun gbogbo.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Afeez dé, lásìkò oúnjẹ. Karimat ti sọ ọ́ fún Misbaudeen lórí fóònù, Misbaudeen sì ti pè é láti ojú ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé o ń pe orúkọ ìyá mi káàkiri ọ́fíìsì! Ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi sìn ọ́ wá fún wa nìyẹn?"

Àwọn ìyàwó ilé méjèèjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Karimat ń yí ìyá lọ́wọ́. Kò dìde. Kò kúnlẹ̀ kí i.

"Afeez," ó ní.

Àwọn ìyàwó méjèèjì wo ara wọn lójú.

"Kí lo pè mí?"

"Afeez. Ẹ wọlé wá. Ẹ̀yin ni olùtọ́jú nínú ìwé, ẹ wá yí ìyá yín. Ọwọ́ kan sábẹ́ èjìká, ọ̀kan sábẹ́ ìdí. Ẹ rọra, egbò wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fi ẹni tí ìjọba rán sí mi fọ kọ́tìnnì, egbò yẹn ò sí."

Afeez dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá. Ó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn fún un ni. Kò mọ èwo ló máa kọ́kọ́ nà.

"Mo máa bá Misbau sọ ọ́," ó ní.

"Ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ ní kó mú ọwọ́ méjì bọ̀."

Ó lọ. Kò jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni káàdì dé. Orúkọ Karimat ló wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n fọwọ́ sí, kì í ṣe méjì. Wọ́n ní àwọn olùrànlọ́wọ́ kò kárí. Misbaudeen yan Karimat lódì fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Afeez kò wá mọ́. Ní Àtàláátà, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì, Bertha ń di ṣíbí mú, Karimat ń hun súwẹ́tà. Méjì ló ń rí hun. Nínú ìwé ìjọba, kò níṣẹ́ síbẹ̀.